Àga Tí Wọ́n Kàn fún Bàbá Mi Láì Wọ̀n Wọ́n

Kúdírá, gbọ́wọ́ kúrò lára àga yẹn. O rò pé mo ti sùn lọ, àbí? Ojú mi ni mo dì, mi ò di etí mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá, pé kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí àyè lè gba àga tìmùtìmù tí ẹ rà fún mi láti Òṣogbo. Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á máa ṣe tiyín náà. Àga tìmùtìmù yẹn rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú rẹ̀ lánàá, ó gbé mi mì, àfìgbà tí ẹ dì mí mú lápá ọ̀tún àti apá òsì kí n tó rí ọ̀nà jáde. Ẹ gbé e fún àwọn àlejò. Èyí tó wà níbí yìí ò ní kúrò níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí. Ẹ wá jókòó, ẹ pa fóònù yẹn tì, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sáàárín àga, ẹ ò lè mọ bí àga ṣe jẹ́ lójú wa nígbà náà. Lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́, tí èmi alára ṣì jẹ́ ọmọge, ilẹ̀ la máa ń jókòó sí ní Ìwó yìí. Bí kì í bá ṣe ẹní, àpótí ni. Bí kì í bá ṣe àpótí, pèpéle ni. Ẹ ò mọ pèpéle mọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n mọ́ ara ògiri níwájú ilé, ó gùn lọ bí ilé ṣe gùn, àwa obìnrin la sì máa ń pa á kó lè dán. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àlejò, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń dúró sí de ìrun. Bí ilé kan bá wá ní àga, bàbá ilé ló ni ín. Bí bàbá bá lọ sóko, wọ́n á da aṣọ bo àga náà, ọmọ tó bá gun orí rẹ̀ á gbọ́ tirẹ̀. Lónìí, mo rí àga rọ́bà tí wọ́n tò jọ lórí ara wọn bí abọ́, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o lọ síbi ìnáwó, wọ́n ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ó wúlò, mi ò bú u. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kàn ń yà lábẹ́ èèyàn láì kìlọ̀.

Ní ọ̀kánkán ilé wa, lábẹ́ igi ọdán kan tí wọ́n ti gé báyìí, ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà. Ràfíù lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá tó bí bàbá yín ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò pè é lórúkọ rí títí Ọlọ́run fi gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò tíì di ọkọ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbádùn orúkọ náà lẹ́nu lónìí.

Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán báyìí, ayùn Ràfíù á ti máa dún, fùú-fàà, fùú-fàà. Bó bá di ìyálẹ̀ta, òòlù á gbà á. Tó bá di ọ̀sán, ó kan ìfági, ìyẹn èyí tó fi ń fá pákó kó lè jọ̀lọ̀. Ohùn ìfági dà bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ tuntun. Èyí tó bá fá sílẹ̀ á ká rubutu, àwa la máa ń lọ ṣa á láti fi dáná, nítorí ó ń tètè mú iná. Èmi ni ìyá mi máa ń rán, mi ò sì kọ iṣẹ́ náà rí. Ìgbà mìíràn wà tí agbọ̀n mi á ti kún, tí n ó tún máa wá èyí tó dára jù. Ìyá mi á kàn wò mí, wọ́n á ní, "Àṣé igi ìdáná ní ẹwà báyìí."

Igbó ọ̀nà Kúta ni pákó rẹ̀ ti ń wá. Ọkùnrin méjì ló ń là á. Ọ̀kan á dúró lórí gẹdú, ìkejì á wà nínú kòtò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ máa fa ayùn gígùn kan lọ sókè sódò. Ẹni ìsàlẹ̀ ló ń jìyà, gbogbo eérún igi ojú rẹ̀ ló ń dà sí. Orí ni wọ́n fi ń ru pákó náà wọ̀lú. Bó bá sì dé, Ràfíù ò ní tíì fi ayùn kàn án. Á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fi òkúta sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn á bá a níbẹ̀, òjò á bá a níbẹ̀. Bó bá yá, á fi ìka gbá pákó náà, á tẹ́tí sí i. Bí kò bá tíì gbẹ, á fi í sílẹ̀, kódà kí oníbàárà máa bínú níwájú rẹ̀. Pákó tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, òórùn igbó ṣì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kan àga. Kò ní pẹ́ tí àga náà á fi máa ké tí èèyàn bá jókòó lé e.

Àga tiwọn ò ké. Ẹ wo ìsàlẹ̀ eléyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò rí ìṣó kankan níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sára ìkejì, ahọ́n á wọnú ihò, wọ́n á wá fi èèkàn igi kékeré há a láti ẹ̀gbẹ́. Bí ahọ́n bá tóbi jù, á la ihò. Bó bá kéré, á máa mì. Mo ti rí Ràfíù tó ń gbìyànjú ahọ́n kan láti àárọ̀, tó ń yọ ọ́, tó ń fá a, tó ń tún un ki bọ̀ ọ́. Tó bá kàn án tán, ewé ìpín ló fi ń ra á. Ewé yẹn le, ó rí hánrún-hánrún, ó ń jẹ èèyàn lọ́wọ́. Á ra á, á ra á, títí ara igi á fi rí bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ló wá rí hánrún-hánrún. Mo mọ̀.

Ohun kan wà tí Ràfíù ń ṣe tí àwọn káfíńtà tó kù ò ṣe. Ó ní rúlà, ṣùgbọ́n kì í fi rúlà wọn èèyàn. Bí o bá ní kó kan àga fún ọ, á gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, á já ewé rẹ̀ dànù kó lè ku ọ̀pá. Á ní kí o jókòó, á fi ọ̀pá náà wọ̀n ọ́ láti abẹ́ orúnkún dé ilẹ̀, á fi ọ̀bẹ kọ ilà sí i. Á wọ̀n ọ́ láti ìdí dé igbá àyà, á tún kọ ilà. Á wọ̀n ọ́ dé ìgbúnwọ́. Ọ̀pá rẹ nìyẹn. Á so ó rọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àwọn tó kù, bí o bá sì ń fẹ́ àga mìíràn lẹ́yìn ọ̀la, kò ní wọ̀n ọ́ mọ́. Gbogbo àwọn ènìyàn pàtàkì àdúgbò wa ló rọ̀ sára ògiri yẹn ní ọ̀pá-ọ̀pá. Àwa ọmọge máa ń wò wọ́n, a ó máa fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi wá ni mo fẹ́ bọ̀ sórí rẹ̀. Ẹ ò bá wọn láyé. Àáfà ni wọ́n, ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa sì ni ilé kéwú wọn. Àwọn ọmọ á jókòó yí wọn ká lórí ẹní, kálukú pẹ̀lú wàláà tirẹ̀, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ kéwú sí. Àwọn kan ń ti Ilé-Ogbó wá gbé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń ké tirẹ̀, ẹni tó ti jìnnà ń ké tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì, ṣùgbọ́n Bàbá ń gbọ́ ti gbogbo wọn. Wọ́n á dijú, wọ́n á máa mì síwájú sẹ́yìn lórí awọ àgbò Iléyá tí wọ́n fi ń ṣe ìjókòó. Bí ọmọ kan bá ṣì í kà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á na ìka sí i láì lajú. Bí ọdún Iléyá bá dé, awọ tuntun á rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àwa ọmọ á máa jà sí èyí tí wọ́n pa tì.

Orúnkún ló kọ́kọ́ da Bàbá. Ìyá mi ń fi òrí pa á, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, kò gbọ́. Ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, Bàbá fẹ́ dìde lórí awọ, ara wọn kọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú. Àwọn ọmọ kéwú ló gbé wọn dìde, kò sí èyí tó lè wo ojú Bàbá. A fi wọ́n sórí àpótí. Àpótí ò ní ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe dijú tí wọ́n ń mì bí ìṣe wọn, àfi gbì, wọ́n ti ṣubú. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ìyá mi má baà sunkún. Pèpéle ńkọ́? Wọ́n ń jókòó síbẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá ń dúró de ìrun Alásárì, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa ibẹ̀, ewúrẹ́ ń kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ ọmọ ní kéwú lójú títì. Nígbà tó yá, orí ibùsùn ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ohùn wọn ò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn mọ́.

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ. Wọn ò bínú o. Wọ́n á wá pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Àáfà, ẹ jẹ́ kó ṣì lọ sọ́dọ̀ àáfà ìsàlẹ̀ ọ̀hún ná, títí ara yín á fi le." Bàbá á ṣàdúrà fún wọn, wọ́n á fún ọmọ náà ní wàláà rẹ̀ mú lọ. Ọ̀ọ̀dẹ̀ wa wá dákẹ́. Mo gbọ́ tí Bàbá sọ fún ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Kì í ṣe orúnkún ló ń gbé mi dìde tẹ́lẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ yẹn ni. Bí wọ́n bá lọ tán, mi ò mọ ohun tí n ó máa jí fún."  Ìyá mi ń pa òrí sí orúnkún náà lọ, ojú wọn ń ṣomi. Ó dùn mí wọnú egungun.

Tèmi náà wà nínú rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n parí Kùránì, ọmọbìnrin ilé wa kì í sì í lọ sílé ọkọ láì ṣe wòlímọ̀, ìyẹn kó ka Kùránì létí gbogbo ẹbí. Àwọn ẹbí Ràfíù ti wá tọrọ mi. Bàbá ò kọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Kó kà á dé òpin níwájú mi ná." Wọn ò ní kí n lọ kà á níwájú ẹlòmíràn, èmi náà ò sì jẹ́ dábàá irú rẹ̀.

Ràfíù pinnu pé òun á kan àga fún Bàbá. Èrò rere ni. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń rẹ́rìn-ín títí dòní. Ó gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù bí ó ti máa ń ṣe, ó wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ wa wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì fẹ́ na ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sin òkú nílùú wa. Wọ́n á gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, wọ́n á fi wọ̀n òkú láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn tó fẹ́ gbẹ́ sàréè á mú ọ̀pá náà lọ. Àwọn tó kù tí Ràfíù ti ń wọ̀n kò ka ìyẹn sí, nítorí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, ara wọn sì le. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ò yá, tó nà sórí ibùsùn, tí ìwọ wá yọ imọ̀ ọ̀pẹ sí. Ìyá mi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan ẹsẹ̀ Bàbá.

"Kí ni Bàbá ṣe ọ́?" Ìyá mi gbé imọ̀ náà sẹ́yìn. "Kí ni wọ́n ṣe ọ́, Ràfíù?"

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ó wólẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Àga ni. Àga ni mo fẹ́ kàn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde, Ràfíù. Mo mọ̀ pé o ò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n gbé ọ̀pá rẹ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n á fi irú rẹ̀ wọ̀n mí ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ló wọ̀n mí lọ́jọ́ náà, mi ò ní bá ọ jiyàn."

Ràfíù wá fi ojú wọ̀n wọ́n. Ojú ìfẹ́ ló sì fi wọ̀n wọ́n, torí ó kan àga tó ga bí ti adájọ́ ní kóòtù. Ó gbẹ́ ọnà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi pólíìṣì pa á, ó ń dán. Ìdajì àdúgbò ló tẹ̀lé e wọlé wa lọ́jọ́ tó gbé e wá. Wọ́n gbé Bàbá lé e. Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, ó ń fì. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wolẹ̀, wọ́n rí wàláà àwọn ọmọ díẹ̀ tó kù lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lórí ẹní, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lójú rẹ̀. Ẹ̀rín bá kúrò lójú wọn.

"Ẹ gbé mi sọ̀," ni wọ́n wí. "Ràfíù, o ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹsẹ̀ lé ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lórí."

Bí àga olówó ṣe di ibi tí ìyá mi ń sá ata sí nìyẹn. Bí kò bá sí ata lórí rẹ̀, adìyẹ a yé síbẹ̀.

Ojú ti Ràfíù. Ó pa ojú ọ̀nà wa tì, ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹlòmíràn ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ọ̀kánkán ilé wa. Ayùn rẹ̀ gan-an ń dún wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Mo bá a pàdé lọ́nà odò, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bùrọ̀dá Ràfíù, ṣé gbèsè ilé wa lẹ jẹ ni?"

Ó ní, "Ìbá sàn bó bá jẹ́ gbèsè. Mi ò mọ bí n ó ṣe kan àga fún ẹni tí mi ò gbọ́dọ̀ wọ̀n."

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wo Bàbá tí wọ́n bá ń dúró de Alásárì. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń jókòó sí lórí pèpéle wa, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dá dìde. Bí wọ́n bá jókòó sí apá ibòmíràn, àfi kí a fà wọ́n."

Ó wò mí títí. Ó gba korobá omi lọ́wọ́ mi, ó bá mi rù ú dé ìtòsí ilé. Ọkùnrin ìgbà náà kì í ru omi lójú títì, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti di Bàbá mú lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ràfíù bá wá síwájú ilé wa. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ síwájú pèpéle. Ibi tí Bàbá ń jókòó sí ti rì díẹ̀, bí ibi tí adìyẹ bà sí. Ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ti ń dán níbi tí ẹ̀yìn wọn ń kàn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó dìde, amọ̀ ti jẹ wọlé, àmì àtẹ́lẹwọ́ wọn wà níbẹ̀. Ràfíù fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ imọ̀ ọ̀pẹ, ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ibi tó rì, ó wọ̀n ẹ̀yìn, ó wọ̀n ibi ọwọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá bá a.

"Ràfíù, kí lò ń wọ̀n?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Pèpéle ni, Bàbá. Ẹ ò sọ pé kí n má wọ̀n pèpéle."

Bàbá wò ó, wọ́n wo imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n wo ibi tí wọ́n ti ń jókòó láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ní, "Kò burú. Wọ̀n ọ́n dáadáa."

Ìrókò tó ti pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ ló fà yọ. Kò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ní gbogbo àkókò náà. Kò gbẹ́ ọnà sí i rárá. Kúdírá, fi ọwọ́ rẹ sórí ìjókòó yẹn, ṣé o rí i bó ṣe rì? Ọ̀bẹ àti ewé ìpín ló fi gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó lè rí bí ibi tí Bàbá jókòó sí lórí pèpéle. Wo apá rẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tó. Wàláà ló ń jókòó síbẹ̀. Ọmọ tó bá kan láti ka tirẹ̀ á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, á gbé wàláà lé apá àga, kéwú á wà lókè orúnkún wọn, ẹsẹ̀ wọn á wà nílẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Wá wo iwájú apá ọ̀tún yẹn. Ibi tó jẹ wọlé yẹn, àtẹ́lẹwọ́ Bàbá nìyẹn.

Ó gbé e wá láàárọ̀, kò pe ẹnikẹ́ni tẹ̀lé e. Bàbá jókòó. Wọ́n fẹ̀yìn tì.  Wọ́n fi ọwọ́ wá ibi ọwọ́, ọwọ́ bọ́ sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dìde. Ìyá mi sáré láti dì wọ́n mú, Bàbá ní kí wọ́n fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde. Ìgbà tí wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi etí agbádá nu ojú, wọ́n ní, "Orúnkún mi ti mọ ibí yìí tẹ́lẹ̀." Ràfíù ò lè gbé orí sókè. Èmi sunkún, mi ò sì wá ibi tí n ó fi ojú pamọ́ sí.

Àwọn ọmọ padà wá díẹ̀díẹ̀. Ariwo wọn tún gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kan, Bàbá tún ń dijú, wọ́n ń mì síwájú sẹ́yìn, àga ò mì. Èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yìí, mo gbé Kùránì lé apá rẹ̀, mo kà á dé òpin. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, aṣọ funfun ni mo wọ̀, gbogbo ẹbí pé. Mo dé ibì kan, ẹkún dé, mi ò lè kà mọ́. Bàbá kàn fi ìka gbá apá àga náà jẹ́jẹ́, bí Ràfíù ṣe máa ń gbá pákó. Ohùn mi bá padà. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ sílé ọkọ, ní ìsọdá títì.

Bàbá lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti sọ bàbá yín lórúkọ. Ẹ wo àmì eyín kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, òun náà ló gé e jẹ nígbà tó ń yọ eyín, Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n fá a kúrò. Báyìí ló wá kàn mí. Orúnkún mi ti ń ṣe bíi tiwọn. Nínú gbogbo ìjókòó tó wà nínú ilé yìí, òun nìkan ni mo ti ń dá dìde láì pe ẹnikẹ́ni. Àga tìmùtìmù yín rọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí eléyìí wà níbi tó wà. Ọjọ́ tí mi ò bá lè dìde mọ́, ẹ lè wá gbé e.

Bàbá ò ṣàìsàn tó pẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀, wọ́n kí Àílà, wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn sinmi lórí àga díẹ̀. Nígbà tí a lọ jí wọn fún Alásárì, wọ́n ti lọ. Ọwọ́ wọn wà níbi ọwọ́. A tẹ́ wọn sórí ẹní, àwọn àgbà dé, wọ́n ní kí ẹnì kan lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ wá. Gbogbo ojú yí sí Ràfíù.  Ó jáde, ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó gé e dáadáa, ó já ewé rẹ̀ dànù, ó fi ewé ìpín ra á kó má baà ha Bàbá lára. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dúró, ó wo ojú wọn bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀pá náà láti orí wọn dé ẹsẹ̀, ó kọ ilà sí i. Bàbá mi ò bá a jiyàn.